Ọ̀gá, ẹ fi àwọn ọmọọṣẹ́ yín sílẹ̀ kí wọ́n tàkúrọ̀sọ lórí fóònù

Ẹni tó bá dé Takie, l'Ógbómọ̀ṣọ́, ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ àárọ̀, á rí nǹkan kan tí kò sí nínú ìwé ìṣirò oníṣòwò kankan. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n tó gbálẹ̀ iwájú ìta, àwọn ọmọ tó ń bá èèyàn tajà á ti dúró ti ara wọn. Ọ̀kan mú àkàrà dání, èkejì ń mu ògì nínú ike, ẹnu wọn ò sì dákẹ́. Wọ́n ń sọ ti iná tí kò wá lánàá, wọ́n ń sọ ti ọmọ tí ibà ń ṣe, wọ́n ń sọ ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó fìdí rẹmi. Ọ̀gá tó bá bá wọn lẹ́nu ẹ̀ á ní wọ́n ń fi àsìkò òun ṣòfò. Bẹ́ẹ̀, láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn náà ni ẹni tó ń ta ọ̀dà á ti gbọ́ pé ọ̀dà funfun ti tán lọ́dọ̀ aládùúgbò òun, ẹni tó ń ta aṣọ á ti mọ̀ pé kọ́sítómà tó jẹ wọ́n lówó ti padà sígboro, gbogbo wọn á sì ti gbọ́ pé ẹnì kan ń lọ káàkiri tó ń fi àlàátì irọ́ rajà.

Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé fún wọn, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń jẹ́ kí ọjà rìn wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá gbòòrò. Ká sọ pé ẹnì kan ń ta fáànù, sítóòfù àti àwọn èlò ilé ní Takie. Ó rí i pé ọjà ń lọ, ó gba ṣọ́ọ̀bù mìíràn sí Owódé l'Ọ̀yọ́ Aláàfin, ó sì tún fi ọmọ kan sí Under-G nítòsí LAUTECH, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Inú ẹ̀ dùn, ó ti di oníṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Ohun tí kò rò ni pé àkàrà àárọ̀ yẹn ò lè dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ ò ju nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà lọ, àmọ́ ẹni tó bá ti gba ojú ọ̀nà yẹn rí mọ̀ pé kì í ṣe kìlómítà nìkan lèèyàn ń kà níbẹ̀. Àtọdún gbọ́ọrọ́ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ títì onílànà méjì tó máa lọ láti Ìbàdàn dé Ìlọrin, apá tó wà láàrin Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló sì fa ìjàǹbá àti ẹkún jù nínú ẹ̀.

Owó ọkọ̀ náà tún ńkọ́? Kó tó di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, jálá epo kan ò tíì tó 200 náírà ní iye tí ìjọba dá lé e. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti kọjá 1,000 náírà lọ́pọ̀ ibi. Ọ̀gá tó máa ń kó gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ jọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù tẹ́lẹ̀, kí wọ́n jọ jẹun kí wọ́n jọ ṣírò ọjà, ti ṣírò owó ọkọ̀ èèyàn méje báyìí, ó sì ti dákẹ́ lórí ẹ̀.

Bó ṣe di pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo ò mọ ara wọn mọ́ nìyẹn. Ọmọ tó wà l'Ọ̀yọ́ ní nọ́ńbà fóònù ẹni tó wà ní Takie, kò mọ ojú ẹ̀. Bí kọ́sítómà bá bèèrè nǹkan tó ti tán, á ní "kò sí", kọ́sítómà á sì bá tiẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ọjà ọ̀hún wà ní Takie tí eruku ti bò ó. Kò le kó pè, fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn kí ọjà bọ́ ju kó pe ẹni tí kò mọ̀ rí, tí kò sì mọ̀ bóyá á kanra mọ́ òun. Ọ̀rọ̀ àlàátì irọ́ náà ńkọ́? Wọ́n lè ti mọ oníjìbìtì yẹn ní Takie láti ọjọ́ Ajé, kó wá di ọjọ́rú kó wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ lọ fi oje kan náà gbé síná lọ. Ọ̀gá á wá máa pariwo lé ọmọ Ọ̀yọ́ lórí pé ojú ẹ̀ fọ́. Ojú ẹ̀ ò fọ́, kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò á ní àwọn ti ní gúrúpù WhatsApp. Òótọ́ ni, ta ni ò ní in lónìí? Ṣùgbọ́n ẹ wo inú ẹ̀. Láàárọ̀, ọ̀gá á fi àdúrà síbẹ̀, àwọn ọmọọṣẹ́ á dáhùn "Àmín sà", "Àmín mà". Lọ́sàn-án, ọ̀gá á bèèrè pé ta ló ta síná báyìí ní gbèsè. Gúrúpù á dákẹ́ rọ́rọ́. Tó bá di alẹ́, ọ̀gá á fi ohùn ìṣẹ́jú mẹ́ta ránṣẹ́, ìbínú ni gbogbo inú ẹ̀. Ẹnì kan ló ń bá wí, àwọn méje ló gbọ́ ọ, àwọn méje náà ni oúnjẹ ò sì lọ lẹ́nu wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ilé ẹjọ́ tí kò ní lọ́yà ni gúrúpù bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní lọ sọ síbẹ̀ pé ọwọ́ ń ro òun tàbí pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń so wáyà fáànù tuntun tí wọ́n kó dé.

Ohun tí ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka méjì mẹ́ta nílò ni ibi kan lórí fóònù tó máa dà bí iwájú ṣọ́ọ̀bù ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n jọ wà níbẹ̀, kí wọ́n kí ara wọn, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kó má sì sí ìwé ọjà nílẹ̀. Ẹni tó bá ka èyí sí àṣejù àwọn òyìnbó tó ní kọ̀ǹpútà kò tíì gbọ́ ìtàn báńkì kan l'Amẹ́ríkà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Alex Pentland ti ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ló sọ ìtàn náà nínú ìwé ìròyìn Harvard Business Review ti oṣù kẹrin ọdún 2012. Báńkì yìí ní àwọn ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ fún ìsinmi ráńpẹ́, kí fóònù má baà máa dún láìsí ẹni tó máa gbé e. Ó bọ́gbọ́n mu lójú ọ̀gá èyíkéyìí. Pentland àtàwọn èèyàn ẹ̀ ṣèwádìí bí àwọn òṣìṣẹ́ náà ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n wá dá a lábàá pé kí gbogbo àwọn tó wà nínú ikọ̀ kan náà máa lọ sinmi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ o. Wọn ò fowó kún owó wọn, wọn ò fún wọn ní ẹ̀kọ́ tuntun. Nínú àwọn ikọ̀ tí iṣẹ́ wọn ti ń falẹ̀, àkókò tí wọ́n fi ń yanjú ìpè kan dín kù ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Tí wọ́n bá wo gbogbo ibi iṣẹ́ náà lápapọ̀, ó fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ni báńkì bá ní òun á ṣe é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ibùdó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí òun ní, níbi tí 25,000 òṣìṣẹ́ wà, wọ́n sì fojú bù ú pé mílíọ̀nù 15 dọ́là ló máa wọlé sí i lọ́dún.

Kí ni wọ́n ń sọ níbi tí wọ́n ti ń sinmi? Bóyá ọ̀rọ̀ ọmọ, bóyá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti báni rẹ́rìn-ín lórí ọmọ lèèyàn ń bi ní ìbéèrè iṣẹ́ tó ń ti èèyàn lójú.

Ìwádìí kan tún wà láti China tó yẹ kí oníṣòwò tó fi ọmọ kan ṣoṣo sí ṣọ́ọ̀bù kan ronú lé. Láti òpin ọdún 2010, Ctrip, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn wá tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú àti yàrá òtẹ́ẹ̀lì, gbà kí àwọn kan lára àwọn tó ń gbé fóònù níbẹ̀ máa ṣiṣẹ́ láti ilé wọn fún oṣù mẹ́sàn-án. Nicholas Bloom ti Yunifásítì Stanford àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ àwọn tó wà nílé fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún dára sí i. Ó yẹ kí gbogbo wọn máa jó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí oníkálukú mú èyí tó bá fẹ́, ó ju ìdajì àwọn tó fínnúfíndọ̀ lọ sílé tẹ́lẹ̀ tó yí ọkàn padà, ohun tí wọ́n sì ń ráhùn ẹ̀ jù ni pé àwọn nìkan ń dá wà. Tí ẹni tó jókòó sílé ara ẹ̀ bá ń rojọ́ àdáwà, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tí wọ́n fi ti fáànù àti sítóòfù ní ìgboro tí kò ti mọ ẹnì kan, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dé aago méje alẹ́, ńkọ́? Irú wọn ló máa ń gba ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí ọ̀gá á ní nítorí ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni. Nígbà mìíràn, ó lè jẹ́ nítorí pé ṣọ́ọ̀bù kejì ní ẹni tó ń pè é lórúkọ.

Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an kọ́ ló yẹ kéèyàn máa kọ́ ní ọgbọ́n yìí. Ta ló mọ iṣẹ́ ẹ̀ka ọ̀nà jíjìn jù wọ́n lọ? Kí fóònù tó dé, wọ́n ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Jos, wọ́n sì ti wà ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Ghana, ní Tamale àtàwọn ìlú mìíràn, àwọn ará Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ṣakí àti Ọ̀fà náà ò sì gbẹ́yìn níbẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Jeremy Eades, òyìnbó kan, kọ odindi ìwé lórí wọn tó jáde ní 1993. Ọba Jimoh Oyewumi, Ajagungbade Kẹta, tó jẹ Ṣọ̀ún láti 1973 títí tó fi wàjà ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ìṣòwò ló fi gba orúkọ ní Jos kó tó gorí ìtẹ́. Àwọn èèyàn yìí ò ní gúrúpù WhatsApp, àmọ́ wọ́n ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ẹni tó bá ti jókòó nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí akọ̀wé kọ sínú ìwé ni èèyàn ń bá lọ síbẹ̀. Ẹ̀yìn ìpàdé lọ̀rọ̀ wà, nígbà tí wọ́n bá ń bu ẹ̀bà, tí ẹnì kan á kàn ní, "Ẹ gbọ́ ná, iye wo lẹ ra bébà aṣọ yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Nígbà tí ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sílé lọ́wọ́ òfìfo. Ilé tí wọ́n padà sí náà ni àwọn tí wọ́n ti jọ ń tàkúrọ̀sọ láti ọdún yìí wà.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí ni pé fóònù ti sọ nǹkan di kíá. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. WhatsApp dé ní 2009, ní 2013 ló sì fi ohùn tí èèyàn lè gbà sílẹ̀ kó fi ránṣẹ́ kún un, ohùn yìí ló sì sọ ọ́ di nǹkan ọlọ́jà, nítorí ẹni tí kò lè kọ̀wé dáadáa lè sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú. Àrùn Kòrónà ni kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni lè sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n lò. Ní òpin oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí Èkó àti Abuja wà ní títì pa, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní tiẹ̀ fòfin de ìrìn láti aago méje alẹ́ dé aago mẹ́fà àárọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn ni WhatsApp sọ iye àwọn tó lè jọ wà lórí ìpè kan di mẹ́jọ, mẹ́rin péré ni tẹ́lẹ̀. Zoom ní tiẹ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù 10 ló ń wọ ìpàdé lórí ẹ̀ lójúmọ́ ní òpin 2019, ó sì ti lé ní mílíọ̀nù 300 ní oṣù kẹrin 2020. Ilé ìjọsìn lò ó, ẹbí lò ó fún ìsọmọlórúkọ.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ó wá sú èèyàn. Ó yẹ kéèyàn sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe fóònù ló sú wọn, bí wọ́n ṣe sọ eré di iṣẹ́ ni. Àwọn ọ̀gá kan l'Ókè Òkun ní kí òṣìṣẹ́ wá rẹ́rìn-ín lórí Zoom ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹni tí kò bá wá, wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀. Ta ló máa rẹ́rìn-ín níbẹ̀? Oníṣòwò tó bá fẹ́ ṣe é níhìn-ín kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, nítorí pé lẹ́yìn iṣẹ́ ni ìyàwó ilé ń gbé ọbẹ̀ kaná, tí ọmọ ilé ìwé ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, àwọn Mùsùlùmí wà ní Jímọ́ọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mìíràn, àwọn Kírísítẹ́nì ń lọ fún ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìnáwó ni. Èyí tó dáa jù ni àárọ̀, kí ọjà tó là, ní àsìkò tí ọ̀gá ń sanwó fún. Ẹni tí ọ̀gá ò bá lè fún ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú àsìkò iṣẹ́, kí ọ̀gá má bèèrè ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú àsìkò oorun ẹ̀.

Owó dátà náà, ti ọ̀gá ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà, láti ìgbà yẹn sì ni òṣìṣẹ́ kékeré ti ń pa dátà bí ẹni pa iná láǹpẹ. Ẹni tó bá ní kí ọmọọṣẹ́ fi dátà ara ẹ̀ wá ṣeré ilé iṣẹ́ ń tan ara ẹ̀ ni. Kò sì pọndandan kí ó jẹ́ fídíò. Òótọ́ ni pé Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ó sì dáa kí wọ́n rí ojú ara wọn ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ọmọ Ọ̀yọ́ mọ̀ pé ẹni tí òun ń pè ní "àǹtí Takie" kò dàgbà tó bí òun ṣe rò. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpè ohùn lásán ti tó, ó ń jẹ dátà níwọ̀nba. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá dáa, kí oníkálukú fi ohùn ìdajì ìṣẹ́jú ránṣẹ́ sórí gúrúpù kí kọ́sítómà àkọ́kọ́ tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ Zoom náà, ogójì ìṣẹ́jú tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ti pọ̀ jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ le sí jù ni ti ọ̀gá fúnra ẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ kì í bá bàbá ẹ̀ ṣàwàdà kó má bojú wẹ̀yìn. Bí ọ̀gá bá wà lórí ìpè, àwọn tó kéré á máa ní "bẹ́ẹ̀ ni sà", ẹ̀rín wọn á máa rìn bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀gún. Àwọn kan ní kí ọ̀gá wà níbẹ̀ kó máa fi ara ẹ̀ ṣẹlẹ́yà kí ara lè tu àwọn yòókù. Ìyẹn lè rí bẹ́ẹ̀ l'Amẹ́ríkà. L'Ógbómọ̀ṣọ́, ohun tó dáa jù ni kí ọ̀gá yẹra. Kó wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó kí wọn, kó sọ nǹkan kan tó pa á lẹ́rìn-ín tàbí tó dun òun náà, kó sì dágbére. Kó fi ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ṣe alága, ẹni tí ẹnu ẹ̀ dùn, tí kò sì ní máa sáré gbọ́rọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, òun náà ni wọ́n máa ń fẹjọ́ ẹ̀ sùn pé ariwo ẹ̀ pọ̀.

Ọ̀gá tó bá sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lọ́nà kan tàbí òmíràn gbọ́dọ̀ lè gbé e mì. Tí ọmọ kan bá fi ṣeré sọ pé oorun gbé òun lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí òun ò fi tètè ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí ọ̀gá wá yọ owó ọjọ́ yẹn nínú owó oṣù ẹ̀, eré ti parí nìyẹn. Wọ́n á ṣì máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á máa kí ara wọn "ẹ káàárọ̀", kò sì ní sí ẹnì kankan tó máa sọ òótọ́ níbẹ̀ mọ́ láéláé. Ó sàn kí ọ̀gá má dá a sílẹ̀ rárá ju kó dá a sílẹ̀ kó wá sọ ọ́ di pàkúté lọ.

Àwọn oníṣòwò kan á ní tí àwọn òṣìṣẹ́ bá mọwọ́ ara wọn jù, wọ́n á jọ fẹnu kò láti ja àwọn lólè. Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀. Àwọn tó bá fẹ́ràn ara wọn lè bo ara wọn láṣìírí, ó ti ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jalè ti ní nọ́ńbà ẹnì kejì ẹ̀ tipẹ́, kò dúró de ìpè àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kíka ọjà lóòrèkóòrè ló ń dáàbò bo ọjà. Àìmọra-ẹni ò ka fáànù kankan fún ọ̀gá rí. Ọmọ tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ilé iṣẹ́ náà ò sì ní ojú ẹni tó máa tì í tó bá jalè.

Òfófó àti ìjà náà máa wáyé. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀ sí ẹnì kejì nípa ìrísí ẹ̀ tàbí ọkọ ẹ̀, á dùn ún. Ó ti máa ń ṣẹlẹ̀ nídìí àkàrà náà. Alága ló máa pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ẹ̀sìn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sílẹ̀ pátápátá, pàápàá tí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé. Ọ̀rọ̀ kọ́sítómà náà kò yẹ kó máa jáde níbẹ̀ yàtọ̀ sí ìkìlọ̀ oníjìbìtì. Ẹni tó wá ra ọjà ní gbèsè ò ní kí wọ́n fi orúkọ òun ṣe ẹ̀rín.

Kò sì yẹ kí ọ̀gá kankan rò pé èyí lè dípò owó oṣù. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n jẹ ní owó oṣù méjì á kàn lo gúrúpù náà láti bá àwọn yòókù sọ ọ́ ni, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò dípò ìrìn ẹsẹ̀ náà. GitLab, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti ibi tí wọ́n wà, tí kò sì ní ọ́fíìsì kankan, kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà ẹ̀ pé ìtàkúrọ̀sọ tí kì í ṣe ti iṣẹ́ ò ní ṣẹlẹ̀ fúnra ẹ̀, èèyàn ní láti wá àyè fún un. Síbẹ̀, àwọn náà máa ń kó ara wọn jọ lójúkojú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Oníṣòwò tí owó ẹ̀ ò bá ká ìpàdé oṣooṣù mọ́ lè ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nígbà Iléyá tàbí ní oṣù kejìlá, kí àwọn Ọ̀yọ́ wá jẹun ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí kí àwọn Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́. Tí ẹnì kan nínú wọn bá bímọ, kí ọ̀gá má fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó wá.

Nǹkan kékeré kan tún wà: kí wọ́n kọ nọ́ńbà ara wọn sínú ìwé. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021, WhatsApp, Facebook àti Instagram kú fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà káàkiri ayé. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì mẹ́hẹ ní Nàìjíríà àtàwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká. Ìpè lásán ṣì ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ní nọ́ńbà.

Báwo ni ọ̀gá tí kò sí níbẹ̀ á ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Kó má bèèrè bóyá wọ́n rẹ́rìn-ín. Kó wo iye ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀yọ́ sọ fún kọ́sítómà pé "kò sí" lóṣù yìí, kó fi wé ti oṣù tó kọjá. Kó wo bóyá òun ni wọ́n ṣì ń pè fún gbogbo ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́. Tó bá ti di pé ọmọ Ọ̀yọ́ gbé fóònù fúnra ẹ̀, tó ní, "Àǹtí, ẹ káàsán mà, ẹnì kan wà níwájú mi tó ń wá fáànù ńlá aláwọ̀ dúdú yẹn, ṣé ó ṣì ku ọ̀kan lọ́dọ̀ yín?", tí àǹtí Takie sì ní kó gba owó lọ́wọ́ ẹ̀, òun á fi í sínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní aago méjì, tí ọ̀gá ò sì gbọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀ àfi ìgbà tó ń ka owó lálẹ́.